Ọgbà Ṣì Dúró

Fọ́ọ̀mù náà kò pariwo.
Àpótí kékeré méjì ló yà sójú ìwé kẹta,
Bẹ́ẹ̀ ni lápá òsì, Bẹ́ẹ̀ kọ́ lápá ọ̀tún,
ó ní: Ǹjẹ́ ìjà kankan ti wà láàárín ìwọ àti aládùúgbò?
Mo fi bírò lélẹ̀. Mo lọ gbé kẹ́tùlù kaná.

Ọdún mọ́kànlá, Emrys Beddoe.
Ọdún mọ́kànlá lórí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan,
nítorí ọgbà onípákó tí o sọ
lọ́jọ́ tí èmi àti Idwal lọ wo òkun ní Tenby.
A dé, iyanrìn ṣì wà nínú bàtà wa,
òdòdó róòsì mi ti di ará ọ̀dọ̀ rẹ.

Idwal wọ̀n ọ́n. Ìwọ náà wọ̀n ọ́n.
Téèpù méjì, òtítọ́ méjì.
Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀:
sí káńsù, sí ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan nítorí gọ́tà,
sí lọ́yà kan ní Swansea tó gba owó wákàtí méjì
láti sọ fún wa pé kí a máa bára wa sọ̀rọ̀.
A kò bára wa sọ̀rọ̀.
Fèrè idẹ lo fi ń dá wa lóhùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi,
orin ìsìn kan náà, ibì kan náà lo máa ń ṣì fọn;
Idwal á dìde, á tan ẹ̀rọ ìgékoríko.

Lọ́yà mi, ọmọbìnrin Tasker, pè mí lórí fóònù:
"Bí ẹ bá kọ ọ́, iye ilé á já wálẹ̀.
Bí ẹ kò bá kọ ọ́, tí wọ́n bá wá mọ̀,
wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pàápàá."
Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó ti kú."
Ó ní, "Ta ló kú?"
Mo ní, "Ìjà náà. Àti ọkùnrin náà. Àti ọkọ mi."
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ọgbà ńkọ́?"

Ọgbà ṣì dúró.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà,
owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké: mo mọ̀.
Mo sì ti rí àwọn tó fẹ́ ra ilé,
Nia, tí ikùn rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà,
àti ọkọ rẹ̀ tó ń fàtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri yàrá kékeré jẹ́jẹ́
bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Wọ́n bi mí pé, "Ṣé àdúgbò yìí tòrò?"
Mo ní òjò máa ń pọ̀.

Èyí tí fọ́ọ̀mù kò bi mí:
lálẹ́ tí Idwal ṣubú nídìí àtẹ̀gùn,
tí mo figbe ta,
ta ló fo ọgbà náà?
Ìwọ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, nínú aṣọ ìsùn.
Pákó ara rẹ ló ya ṣòkòtò rẹ,
ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi,
o kúnlẹ̀, ò ń te àyà ọkọ mi,
ò ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta,
títí áńbúláǹsì fi dé, tí kò wúlò mọ́.
O kò dúró gba ọpẹ́.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìsìnkú,
lẹ́tà rẹ dé. Ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Níbo ni kí n kọ ìyẹn sí?

Kẹ́tùlù ti hó, ó ti tutù.
Mo fàmì sí Bẹ́ẹ̀ ni.
Mo kọ ọdún, mo kọ ìbú àtẹ́lẹwọ́, mo kọ fèrè.
Nígbà tí àyè tán mo yí ìwé padà,
mo ń kọ ojúgun rẹ lọ sẹ́yìn ìwé.

Ọmọ rẹ Gethin dé láti Cardiff lánàá.
Ó kan pátákó mọ́wájú ilé tìrẹ náà: títà ni.
Mo rí i lójú fèrèsé, ó jókòó ti tábìlì rẹ,
fọ́ọ̀mù kan náà wà níwájú rẹ̀.
Ó fi bírò lélẹ̀.
Ó ń wo ọgbà.