Níbo La Ó Dúró Sí Ka Owó?

Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tà á.
Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnu ayé tó sọ ọ́.
Ejẹ́ńtì kan ló pè mí n'Íbàdàn lóru,
ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí epo:
mílíọ̀nù mẹ́rìnlá fún ìpín bàbá mi nìkan
nínú agbolé wa ní Ìjòmù.
Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti fi ra mọ́tò,
mo ti san owó ilé-ìwé ọmọ,
mo tún ṣẹ́ díẹ̀ kù, nínú àlá.

Mo wọ Àkúrẹ́ ní Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Omi ń kán láti etí páànù tó ti dípẹtà,
ó ń kán sórí sìmẹ́ǹtì tí bàbá wa àgbà
fi owó kòkó ọdún kan ṣoṣo dà.
Ó ti sán, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ọmọdé kan ṣì wà níbẹ̀,
ti àbúrò bàbá mi, tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò tíì gbẹ.
Wọ́n ní wọ́n nà án lọ́jọ́ náà.
Ó ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò.

Lára ògiri, ọ̀dà pupa, ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi:
ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Láti kékeré ni mo ti rò pé
àwọn gbájúẹ̀ ló ń bá wí.

Lápá òsì, ilé mẹ́ta ti lọ.
Òtẹ́ẹ̀lì ló dúró síbẹ̀, gíláàsì aláwọ̀ aró,
jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù mọ́jú.
Àwọn ọmọ tó tà á ńkọ́?
Ọ̀kan ń háyà yàrá ní Ọbá-Ilé,
ọ̀kan ń gun ọ̀kadà,
a ò gbúròó ẹ̀kẹta mọ́.

Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ la jókòó sí.
Lọ́yà Akíndípẹ̀ tẹ́ ìwé sórí bẹ́ǹṣì:
kí gbogbo agbolé kó ilẹ̀ pọ̀
sábẹ́ orúkọ kan tí kì í kú, tí kì í jogún ara rẹ̀.
Ilé ni kí kálukú máa ní,
kó tún un ṣe, kó fi sílẹ̀ fọ́mọ,
kó tilẹ̀ tà á fún ẹni tó máa gbé inú rẹ̀
ní iye tí apá mẹ̀kúnnù ká.
Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ní í dé ọjà mọ́ láéláé.

Mo dìde. Mo ní, "Ìpín bàbá mi ńkọ́?"
Ẹnikẹ́ni ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Màmá Adétulà, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún,
ń já ẹ̀fọ́ sínú ọpọ́n, kò gbójú sókè:
"Ọma Arífálọ́, tà á.
Bí a bá tà á tán,
níbo la ó dúró sí ka owó?"

Ọ̀rọ̀ ayálégbé ló wá dájà sílẹ̀.
Onímísì tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà, Ẹbira ni,
ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní yàrá ẹ̀yìn.
Ẹnìkan ní àjèjì kì í dìbò lórí ilẹ̀ baba ẹni.
Màmá ní, "Ta ló gbẹ́ kànga tí o fi wẹ̀ láàárọ̀?"
Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.
Onímísì ń wo bàtà ara rẹ̀.
Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kẹsàn-án.

Wọ́n máa ń kì wá pé a mú idà sílẹ̀,
a fi ogun ẹnu pani.
Lọ́jọ́ náà, kò sí àdá, kò sí kùmọ̀,
yíǹkì péré,
àti àtàǹpàkò àwọn tí kò mọ̀wé.

Èmi ò fọwọ́ sí i.
Mo sùn sí yàrá bàbá mi, tàbí kí n ní mo dùbúlẹ̀.
Ejẹ́ńtì pè lẹ́ẹ̀méjì.
Nígbà tílẹ̀ ń mọ́ bọ̀, mo bọ́ bàtà,
mo gbé ẹsẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ kékeré yẹn.
Kò gbà ju ọmọ ìka méjì lọ.
Òtútù sìmẹ́ǹtì gùn mí dé orúnkún.

Mo kọjá lára ògiri, mo tún un kà.
Àwa ni bàbá ń bá wí.

Mo kanlẹ̀kùn Lọ́yà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.
Mo bi í bóyá yíǹkì ṣẹ́ kù.