Omi Inú Kẹ́tù

Kí àkùkọ Ìtókò tó la ẹnu rẹ̀,
mo ti dìde, mo ti bu omi kún kẹ́tù,
kẹ́tù rọ́bà aláwọ̀ ewé tí ẹnu rẹ̀ ti sán.
Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.
Mùnírátù á jáde, á ṣe àlùwàlá,
á wọlé padà láìsọ̀rọ̀.
Kì í dúpẹ́.
Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí kì í dúpẹ́;
bó bá dúpẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù á bà mí.

Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun náà ni í fi ẹsẹ̀ tì mí nídìí:
“Télọ̀, agogo Aké ti dún.
Àbí Jésù ni yóò wá wọ ṣòkòtò fún ọ?”

Ìgbà tí mo fẹ́ ẹ, àbúrò bàbá mi mi orí títí.
Ó ní ilé tó bá ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra,
afẹ́fẹ́ ni yóò máa kó ẹrù ibẹ̀ lọ.
Bàbá, ẹ sùn-ún re. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lóòótọ́,
ó sì dára nígbà ooru.

Ohun tó dà wá láàmú ni òrùlé.
Páànù wa ti dípẹtà bíi ti gbogbo àdúgbò,
òjò á sì wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì.
A ó gbé abọ́ síbí, a ó gbé korobá sọ́hùn-ún,
tó, tó, tó, gbì.
Ó ní abọ́ tèmi ń ṣi orin kọ, bí olówó rẹ̀.
A ó rẹ́rìn-ín títí Ìyá Sàbítíù á fi kan ògiri:
“Ṣé òru kọ́ rèé, ẹ̀yin àgbàlagbà wọ̀nyí?”

Kóòtù Ìsàbọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì,
ogún ọdún ló fi ń tẹ ìwé àwọn tó ń kọ ara wọn.
Á délé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á wò mí ṣùn-ùn:
“Lónìí, ọkùnrin kan kọ ìyàwó rẹ̀ torí iyọ̀ ọbẹ̀.”
Èmi náà á tọ́ ọbẹ̀ wò,
n ó ní iyọ̀ rẹ̀ pé.
Iyọ̀ rẹ̀ kò pé rí.

Níjọ́ tí wọ́n gbé e wọ ọsibítù Ìjàyè fún iṣẹ́ abẹ,
dókítà ní kí n lọ sinmi nílé.
Ta ló ń sinmi?
Ìdájí lé mi dìde, mo bu omi kún kẹ́tù,
mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà.
Ilẹ̀ mọ́ díẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò jáde.
Ìgbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo fi omi náà fọ ọwọ́,
mo fọ ojú, mo fọ ẹsẹ̀, mo gbàgbé etí.
Mo tẹ́ ẹní rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí rẹ̀ bí àlejò.
N ò gbọ́ Lárúbáwá. Orin ìjọ ló yọ sí mi lẹ́nu,
mo ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ará ilé má gbọ́,
ẹsẹ kẹta fò mí lórí lọ,
mo fi orúkọ rẹ̀ dí àyè rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.
Ó ní, “Ibo lo kọjú sí?”
Mo ní fèrèsé.
“Fèrèsé? Ọ̀nà Láfẹ́nwá nìyẹn!
Télọ̀, rélùwéè lo kí!”
Ẹ̀rín pa á, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú,
nọ́ọ̀sì sáré dé, ó rò pé ìrora ni.
Àyà mi já. Mo ti ran aṣọ fún ogójì ọdún,
n ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rín dán òwú wò.
Òwú náà kò já.

Bóyá Ọlọ́run wà nínú ọkọ̀ ojúirin tó kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà,
èmi ò mọ̀. Ó ṣáà délé.

Láàárọ̀ òní, ó jókòó lórí àpótí,
èmi ni mo ń da omi sí i lọ́wọ́.
Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́,
ó la ẹnu.
Àyà mi tún fẹ́ já.
Ó ní, “Kẹ́tù yìí ń jò.”