Ìyẹ́ Ni Kò Jẹ́ Ká Mọ̀

Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Ẹni tó sọ ọ́ kò jókòó lẹ́yìnkùlé mi ní Ìkéré
ní aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù Èrèlé,
nígbà tí páànù òrùlé ń dún kà, kà, kà,
bí ẹni pé àgbàlagbà kan ń ta ìka lókè.
Èmi mọ̀.
Mo rí ẹnu wọn tó là sílẹ̀,
mo rí apá tí wọ́n gbé kúrò lára
bí bàbá tó ń ká agbádá sí èjìká lójú oòrùn.

Òròlé ń gba oòrùn láti àárọ̀, kò lè jẹ ẹ́ tán.
Tí alẹ́ bá lẹ́, á máa dá a padà fún wa
pẹ̀lú èlé.
Ògiri gbóná, ẹní gbóná, omi inú kẹ́ẹ̀gì gbóná.

Ajá mi ń jẹ́ Ẹjẹ́ńsinmi.
Àwọn ayálégbé ni mo fi orúkọ yẹn bá wí.
Wọ́n ti kó lọ, orúkọ ló kù,
ajá sì gbà á gbọ́.
Ó gbẹ́ ihò sí ìdí àmù, níbi tí omi ti ń sun,
ó tẹ́ ikùn sínú ẹrẹ̀.
Kò pẹ́, adìẹ mẹ́ta wọlé tọ̀ ọ́,
àwọn kan náà tó ń lé yí ìdí ìbẹ́pẹ ká nígbà òjò.
Ó ṣí ojú kan. Ó pa á dé.
Ooru ti parí ìjà tí igi ọwọ́ mi kò rí parí.

Ológbò sùn sínú agbada tí ìyá Ìbídùnní fi ń dín àkàrà.
Ó di ọdún mẹ́ta tí epo ti kàn án gbẹ̀yìn.

Ìbídùnní pè láti Ọsirélíà.
Ó ní ooru ń pa àwọn náà, nínú oṣù kan náà yìí,
ó ní òun ní adìẹ márùn-ún lẹ́yìnkùlé,
òun ń kó áìsì sínú omi wọn.
“Bàbá, ẹ fi áìsì sí i fún wọn.”
Mo ní ó dáa.
N kò sọ fún un pé iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé,
pé inú fíríìjì ni mo ń kó ìwé owó ìfẹ̀yìntì sí
kí eku má baà rí i jẹ.
Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í.
Ó ní nẹ́tíwọọkì ni.

Mo rán Fálúyì, ọmọ ilé kejì, lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja dídì.
Ó ra áìsì igba náírà,
ó dé pẹ̀lú ọ̀rá omi àti ìtàn gígùn.
Ìwọ̀nba tó kù, mo dà á sínú abọ́ adìẹ.
Àkùkọ tọ́ ọ wò, ó fa orí sẹ́yìn
bí àlejò tí wọ́n bu ọbẹ̀ àná fún.

Àfi òpìpì.
Gbogbo àdúgbò ló ti fi ṣe yẹ̀yẹ́,
adìẹ tí kò rí aṣọ wọ̀, tí kò lè fò.
Òun ló ń tan ilẹ̀ kiri lójú oòrùn,
afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá.
Lọ́sẹ̀ yìí, òun nìkan ló yé.
Mo gbé ẹyin náà, ó gbóná lọ́wọ́ mi
bí ohun tí wọ́n ti ń sè bọ̀ láti inú wá.

Lálẹ́, mo kà wọ́n: mẹ́sàn-án lórí igi,
àkùkọ lórí ògiri. Ó ku ẹyọ kan.
Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àmù:
òpìpì rèé, lábẹ́ àgbọ̀n Ẹjẹ́ńsinmi,
ajá ń mí gúlegúle, adìẹ ń bá a gbé e sókè sódò.

Mo gbé àga síta, mo bọ́ ẹ̀wù.
N kò mọ aago tó ń lù lọ́hùn-ún.
Owó tó kù lórí fóònù mi kò pọ̀,
ṣùgbọ́n ó tó
kí n fi bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.