Àpótí Àlàyé

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń jókòó sí, ní Ṣómólú,
lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé,
níbi tí òórùn tàdáwà ti ń gun àtẹ̀gùn wá bá mi
kí n tó bọ́ bàtà.

Iṣẹ́ mi kò ní orúkọ tí mo lè sọ fún ìyá mi.
Mo ní, "Mò ń kọ́ ẹ̀rọ níwà."
Ó ní, "Ẹ̀rọ tí kò ní ìyá?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá omi mu.

Wọn a fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti òkè òkun,
ẹ̀rọ a dáhùn lọ́nà méjì,
èmi a fìka tẹ èyí tó sàn.
Ọgọ́rin lóòjọ́, bí iná bá wà.
Obìnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun yọ́ fóònù ọkọ òun wò.
Ọkùnrin kan ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ lẹ́tà
tí arúgbó kan yóò fi fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ láìmọ̀.
Mo tẹ èyí tó ní "Rárá."
Mo tún un tẹ̀,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà.

Lónìí, ìbéèrè kẹtàdínlọ́gọ́ta:
Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tó yẹ kí ẹ̀rọ purọ́?
Ìdáhùn kìíní: Kò sí.
Ìdáhùn kejì: Ó wà.

Ọwọ́ mi dúró.

Ìyá ìyá mi ní Láfíàjì, Sábítíyù,
nà mí rí nítorí ṣéńjì búrẹ́dì tí mo fi ra gúgúrú.
Kì í ṣe owó ló bí i nínú. Mo ní ó jábọ́ ni.
"Ẹnu tó bá ti kọ́ irọ́," ó ní,
"kò ní í mọ ìgbà tó ń pa á mọ́."

Lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò,
àwọn ṣọ́jà kan ilẹ̀kùn wa lóru.
Wọ́n ń wá Múfútáù, ọmọ yàrá kejì.
Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó funfun fún eruku.
Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣẹ́jú.
Ó ní kò sí ọkùnrin nínú ilé yìí.
Wọ́n ní kó búra. Ó fi Àlùkùránì búra.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ṣe àlùwàlá,
ó kírun rákà méjì.
Títí dòní n kò mọ̀
bóyá ọpẹ́ ni àbí àforíjì.

Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ Alàgbà Òdúfúwà ń lọ gbàù, gbàù.
Ẹnu kan náà ló fi ń tẹ ìwé ìgbéyàwó àti ti òkú.
Lóṣù tó kọjá, àwòrán ọmọ ló tẹ̀
síbi tó yẹ kí ti bàbá tó kú wà,
igba ẹ̀dà, ó dán gbinrin.
Ẹ̀rọ náà kò gbọ̀n.
Kò ní ibi tí yóò fi gbọ̀n.

Fóònù mi dún. Bàbá Kúbúrà, onílé.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní Ìjẹ̀bú ni mo wà.
Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà, mo ń wo fìlà rẹ̀ nínú ọgbà.
Irọ́ tèmi kò gba ẹnikẹ́ni là.
N kò sì ṣe àlùwàlá.

Mo jẹ́ kó dún tán.
Mo kọjá sí àpótí àlàyé, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
*Ẹ kọ́kọ́ bi í ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ẹ bi í ta ló ń kanlẹ̀kùn.
Bí ó bá purọ́ náà, kí ó má rọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Kí ó má lè sùn.*

Wọ́n ní ó gùn jù, kí n gé e kù.
Mo yọ ṣọ́jà. Mo yọ bẹ́ẹ̀dì.
Ó ku *kí ó má lè sùn.*
Ó wọlé.

Ìbéèrè kejìdínlọ́gọ́ta ti dé.
Fóònù tún ń dún.