Ọ̀ọ́dúnrún

Ọdún tí mo dé Halifax, ẹgbẹ̀rún nìkan ni mo mọ̀.
Oúnjẹ yòówù tó bá wọ maikirowéfù,
ẹgbẹ̀rún wáàtì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí.
Bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè
kì í dúró de ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹyin bú gbàù lọ́jọ́ Sátidé.
Ìrù ẹja gbẹ bíi páálí,
àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín: eyín mi ló kọ́kọ́ mọ̀.
Ẹ̀wà tí Mójoyin dì fún mi,
etí abọ́ ń hó, inú rẹ̀ tutù
bí ọwọ́ aláìsàn tó ń sọ pé ara òun le.

Bàbá Garside ni mo ń tọ́jú láàárọ̀.
Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́.
Ó lẹ rọ́bà róbótó-róbótó mọ́ ara ẹ̀rọ, ìka ló fi ń kà á.
Mo gbé kúékà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo yí i dé òpin.
Wàrà ru, ó kún àwo, ó ṣàn dé ilẹ̀.
Kò bínú. Ó ní,
"Kí ló dé tí o ń jágbe mọ́ oúnjẹ?"

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí rẹ̀.
Rọ́bà mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún: omi tíì, ọbẹ̀ tó ṣàn.
Méjì, ẹgbẹ̀ta: kúékà,
ìrẹsì àná, kí o fi omi wọ́n ọn kí o tó dé e.
Ọ̀kan, ọ̀ọ́dúnrún: ẹran tó dì, bọ́tà,
"àti ohunkóhun tí o kò fẹ́ kó mọ̀ pé o ń kánjú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti sọ ọ́ rí,
pé ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni.

Ìbídùn dé lóṣù kọkànlá.
Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ ìyá mi; ó ti ga jù mí lọ.
"Ẹ káàárọ̀, mà." Bí ẹni ń kí olùkọ́.
Mo ya ẹnu láti bi í: ilé ìwé ńkọ́, ṣé inú ń bí ọ ni,
mo pa á dé.
Mo yọ ẹja kan nínú firísà.
Ọ̀ọ́dúnrún.
Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń dákẹ́, ó ń kùn, ó ń dákẹ́.
Ìbídùn wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
ó ń wo iná inú rẹ̀.
"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"
Rárá o.
Ó máa ń sinmi díẹ̀ ni.