Àkèré Orí Pátákó

Lẹ́yìn òjò, ní Ìsánlú,
Tíṣà Mẹ́dayésẹ̀ ní kí n mú àkèré wá.
Etí àbàtà ìrẹsì Ìyé ni mo ti rí i,
mo fi fìlà ilé-ìwé dé e mọ́lẹ̀.

Oògùn gbé e sùn. A tẹ́ ẹ sórí pátákó, ikùn sókè.
Kò lọ́rùn tí ì bá fi wẹ̀yìn.
Kò ní egungun ìhà, ẹyọ kan báyìí.
Iwájú ẹnu ni ahọ́n rẹ̀ ti hù,
ó ká sẹ́yìn bí ẹní àárọ̀.
Bó bá fẹ́ gbé kòkòrò mì,
ẹyinjú méjèèjì a rì wọnú,
wọn a tì í lọ sí ọ̀fun.
“Ojú tó ń bá ẹnu jẹun,” ni tíṣà wí.
A rẹ́rìn-ín.

Awọ ara ń bá ẹ̀dọ̀fóró mí.
Awọ yìí kan náà ló fi ń mumi:
ọmọ odò tí kò fẹnu kan odò rí.

Itan ńkọ́? Ó ká nídìí, ó ká lórúnkún,
ó tún ká lọ́rùn ẹsẹ̀.
Bó bá nà án lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ti fo poro mẹ́ta.

Ọkàn rẹ̀, yàrá mẹ́ta, bíi ti ilé wa.
Ó ṣì ń lù.
Aago oúnjẹ dún, gbogbo wọn tú jáde.
Mo kà á dé igba ó lé mọ́kànlá.

Nírọ̀lẹ́, Ìyé ṣí ìkòkò:
“Ọ̀kún o. Gba itan.”
Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.
Mo mọ ibi tó ti ká.