Ìbéèrè Etí Ọ̀sà

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́,
tí mo gbé àga sábẹ́ igi fúrúùtù l'Ókè-Bálógun,
níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni,
àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò jẹ́ kí n sinmi.
Wọ́n ní èmi ni mo ka àtijọ́ tán.

Wàídì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe
dúró tì mí, ọ́ìlì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀:
"Tíṣà, kí aago tó dé,
báwo lẹni tó pẹ́ ṣe ń mọ̀ pé òun ti pẹ́?"

Sínótù elépìyà ò tilẹ̀ kí mi:
"Bí eyín bá ń dun ọba lóru,
ta ló láyà tí yóò ní kí Kábíyèsí lanu?"

Ọmọbìnrin kan, báàgì ìwé lẹ́yìn, bàtà lọ́wọ́:
"Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ akàn,
ṣé ebi ló ń pa á,
àbí wọ́n jọ jà ni?"

Mo dáhùn èyí tí mo lè dáhùn.
Mo ní òjìji la fi ń mọ ọ̀sán,
ojú ẹni tó ń dúró deni la fi ń mọ̀ pé a ti pẹ́.
Ti akàn, mo ní kó lọ bi akàn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, Ìyá Mọ̀ọ́nátù dé.
Ó jókòó sórí agbọ̀n ẹja tó dojú dé.
"Ìyá tó bí ìyá mi ní ẹ̀fẹ̀ kan.
Bó bá ti ṣe é, gbogbo agboolé á máa yí lulẹ̀.
Mo rántí ẹ̀rín yẹn.
Mi ò rántí ẹ̀fẹ̀ náà.
Ṣé ó wà nínú ìwé?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.
Mo wọlé, mo tú àpótí.
Mo rí owó orí: ẹni tó san, ẹni tó sá.
Mo rí iye ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, iye àgbá epo,
ẹjọ́ ààlà, ẹjọ́ ewúrẹ́,
ọwọ́ akọ̀wé nínú tádàwà tó ti ṣá.
Ẹni tó bá ka ìwé wọ̀nyẹn nìkan
á rò pé owó orí làwọn baba wa ń jẹ,
tí wọ́n ń fi ẹjọ́ mu omi.

Mo jáde. Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."
Kò bínú.
"Ó dáa. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n rẹ́rìn-ín."
"Ọdún wo, Ìyá?"
Ó wo omi títí.
"Ọdún tí ìjì gbé òrùlé Lémọ́mù."

Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́
nígbà tí ọmọ alákàn yọrí léjìká mi:
"Tíṣà, ṣé Lémọ́mù náà rẹ́rìn-ín?"